Ta Ló Ń Sanwó fún Un? Ìdáhùn Lórí Àṣìṣe Ìrònú Nínú Àríyànjiyàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn lórí oògùn tuntun kan. Mo mú ìwé ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé oògùn náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wo orúkọ ẹni tó kọ ọ́, wọ́n ní, “Ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn yẹn ló ń sanwó fún un, nítorí náà irọ́ ni.” Mo sọ fún wọn pé àṣìṣe ìrònú nìyẹn, pé ẹni tó kọ̀wé ni wọ́n ń bá jà, wọn kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ inú ìwé. Wọ́n dáhùn pé kò sí àṣìṣe kankan nínú kí ènìyàn béèrè ẹni tó ń sanwó. Mo ti há orúkọ irú àṣìṣe báyìí bí ogún sórí, síbẹ̀ n kò rí èsì kankan fọ̀. Ta ló jàre nínú wa, báwo ni mo sì ṣe lè máa dá àṣìṣe ìrònú mọ̀ nígbà tí iyàn bá ń lọ lọ́wọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre, ẹ̀yin méjèèjì náà lẹ sì ṣì í. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n yín sọ, ṣùgbọ́n ohun méjì ló wà nínú rẹ̀. Èkínní ni ìdí, pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta oògùn ló ń sanwó fún olùwádìí. Èkejì ni ibi tí wọ́n fi ìdí náà parí sí, pé irọ́ ni ohun tó kọ. Bí wọ́n bá ti dúró sórí pé “nítorí náà, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ṣe ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn tún un wò,” kò sí olùkọ́ lọ́jíìkì tí yóò bá wọn wí, nítorí pé owó a máa yí ojú tí ènìyàn fi ń wo nǹkan padà, nígbà mìíràn láìjẹ́ pé onítọ̀hún fura. Ìgbà tí wọ́n fò látorí ìṣọ́ra bọ́ sórí “irọ́ ni” ni wọ́n kọjá ibi tí ìdí wọn lè gbé wọn dé. Ẹ̀yin ní tiyín gbọ́ pé wọ́n mẹ́nu ba ènìyàn, ẹ sì fa orúkọ àṣìṣe yọ lójú ẹsẹ̀, láìwo ibi tí ìdí náà ń lọ.

Àṣìṣe ìrònú kì í ṣe irọ́, kì í sì í ṣe èébú. Òun ni ìgbà tí ìdí tí ènìyàn mú wá kò gbé ọ̀rọ̀ tó fi parí ró, àmọ́ tí ó jọ bí ẹni pé ó gbé e ró. Jíjọ tó jọ yẹn ni gbogbo agbára rẹ̀, nítorí pé ìrònú tí wíwọ́ rẹ̀ hàn sí gbogbo ayé kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ ná, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn ní ìbéèrè kan: ká gbà pé òótọ́ pọ́nńbélé ni ìdí tí ẹni yìí mú wá, ṣé ó ṣì ṣeé ṣe kí ibi tó parí sí má jẹ́ òótọ́?

Ẹ jẹ́ ká dán an wò. Ẹnìkan sọ pé bí òjò bá rọ̀ lóru, ilẹ̀ á tutù láàárọ̀. Ilẹ̀ sì tutù láàárọ̀ yìí. Nítorí náà òjò rọ̀. Òótọ́ ni ìdí méjèèjì, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí páìpù omi ti bẹ́, tàbí kí ẹnìkan ti da omi sílẹ̀ kí a tó jí. Ẹlòmíràn mú ọ̀rọ̀ kan náà, ó ní bí òjò bá rọ̀ lóru, ilẹ̀ á tutù láàárọ̀. Ilẹ̀ kò tutù. Nítorí náà òjò kò rọ̀. Èyí dúró ṣinṣin: bí ẹ bá ti gba ìdí rẹ̀, kò sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà sá fún ìparí rẹ̀. Gbólóhùn méjèèjì jọ ara wọn bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ló yàtọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ìdí tó dúró tó báyìí ṣọ̀wọ́n, nítorí náà ìbéèrè kejì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé èkínní: bí ìdí yìí kò bá fi ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ pátápátá, báwo ni ohun tó fi kún un ṣe tó? Bóyá ó fi púpọ̀ kún un, bóyá díẹ̀, bóyá kò fi ohunkóhun kún un rárá. “Ilé-iṣẹ́ ló ń sanwó fún un” fi díẹ̀ kún iyèméjì yín, kò lè dá nìkan gbé “irọ́ ni.”

Ní ti orúkọ, wọn kò dúró lójú kan tó bí àwọn tó ń há wọn sórí ṣe rò. Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìsì tó gbé ayé ní èyí tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn, kó irú àṣìṣe wọ̀nyí jọ létòlétò, 13 ni ó sì kà: 6 tó ti inú èdè wá, 7 tí kò ti inú èdè wá. John Locke, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́nu ba argumentum ad hominem nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1690, ìyẹn orúkọ Látìnì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lónìí fún fífi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ bá ẹni tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Locke fi orúkọ náà pè ni kí a fi ohun tí ènìyàn fúnra rẹ̀ ti gbà tẹ́lẹ̀ mú un, èyí tí kò ní èébú kankan nínú. Orúkọ kan náà, ìtumọ̀ méjì. Bí ẹ bá bi mí, ogún tí ẹ há sórí yẹn gan-an ló ń dí yín lójú.

Ìtàn kan wà tó bá ọ̀rọ̀ owó tiyín yìí mu gan-an. Ní ọdún 1950, Richard Doll àti Austin Bradford Hill tẹ ìwádìí kan jáde ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi hàn pé amusìgá, pàápàá ẹni tó ń mu ún púpọ̀, wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ju láàárín àwọn aláìsàn mìíràn lọ. Láti ọdún 1951, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpasẹ̀ àwọn dókítà, tí ó lé ní 34,000 ọkùnrin nínú wọn, ohun kan náà ni wọ́n sì rí. Ẹni tó dìde takò wọ́n kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ronald Fisher ni, ọ̀kan lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ sítátísítíìsì òde òní lélẹ̀, ìyẹn ìmọ̀ kíkó iye jọ àti títú wọn wò. Ó ní pé ohun méjì ń rìn pọ̀ kò fi hàn pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ó ní ó lè jẹ́ pé ohun kan wà nínú àbínibí àwọn ènìyàn kan tó ń mú kí sìgá wù wọ́n, tí ohun kan náà sì ń fa jẹjẹrẹ sí wọn lára. Fisher fúnra rẹ̀ ń mu páìpù, ó sì jẹ́ agbaninímọ̀ràn fún àwọn ilé-iṣẹ́ tábà.

Bí a bá tẹ̀lé ọ̀nà tí ẹ̀gbọ́n yín gbà, a ó ní àwọn onítábà ló ń sanwó fún un, nítorí náà irọ́ ni, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Òótọ́ ni pé Fisher ṣìnà lórí sìgá. Àmọ́ ìlànà tó fi jiyàn dára, mo ṣì ń fi kọ́ àwọn ènìyàn títí di òní, kò sì sí iye owó tó lè sọ ìlànà tó dára di búburú. Iṣẹ́ tí àwọn ẹlòmíràn ṣe ló bì í ṣubú. Ní ọdún 1959, Jerome Cornfield, onímọ̀ sítátísítíìsì ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìṣirò hàn pé bí ewu jẹjẹrẹ bá ga ní ìlọ́po 9 lára amusìgá, tí a sì fẹ́ sọ pé ohun kan tó fara pamọ́ ló fa gbogbo rẹ̀, ohun náà gbọ́dọ̀ wọ́pọ̀ láàárín amusìgá ní ìlọ́po 9, ó kéré tán, ju láàárín àwọn tí kì í mu ún lọ. Kò sí ẹni tó rí irú ohun bẹ́ẹ̀ mú jáde. Ewu náà sì ń dín kù lára àwọn tó jáwọ́ nínú sìgá bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ àbínibí ènìyàn kò yí padà nítorí pé ó sọ sìgá nù.

Kí wá ni iṣẹ́ owó nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ fi ìyàtọ̀ sáàárín ẹlẹ́rìí àti ẹni tó mú ìdí wá. Bí ẹnìkan bá ní, “Mo wà níbẹ̀, mo fi ojú mi rí i,” òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí náà, ìwà rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ẹni tó ń sanwó fún un sì di ara ohun tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Ilé ẹjọ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sì sí àṣìṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní, “Ẹ wo iye méjì yìí, ẹ fúnra yín rò wọ́n pọ̀,” ìwà rẹ̀ kò kan ìṣirò náà mọ́, olè lè rò ó kó tọ̀nà, olódodo sì lè rò ó kó ṣì í. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín díjú ni pé ìwé ìwádìí jẹ́ méjèèjì. Ìṣirò tó wà nínú rẹ̀ ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe, àmọ́ pé olùwádìí wọn ohun tó ní òun wọ̀n, àti pé kò fi àbájáde tí kò dùn mọ́ ọn nínú pamọ́, ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ẹ̀gbọ́n yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Àṣìṣe kejì tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa ni èyí tó ń mú ènìyàn jù lọ, ó sì máa ń mú èmi náà tí n kò bá ṣọ́ra. Òwe wa kan gbé ìrísí rẹ̀ kalẹ̀ ju bí ìwé kankan ti lè ṣe é lọ: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ẹ wo ìdí tó wà nínú rẹ̀. Kò ju pé ohun kan ṣẹlẹ̀, òmíràn sì tẹ̀lé e. “Ta ni kò mọ̀” ló kún ibi tó yẹ kí ẹ̀rí wà, ó sì kún un pẹ̀lú ìtìjú, nítorí ta ló fẹ́ jẹ́ òpè tí kò mọ ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀?

Ní ọdún 1998, Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet lórí ọmọ 12. Ohun tí àpilẹ̀kọ náà sọ ni pé òbí 8 nínú àwọn ọmọ yìí so ìyípadà tó dé bá ọmọ wọn pọ̀ mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR, èyí tí wọ́n ń gún fún àwọn ọmọdé láti dènà measles, mumps àti rubella. Ìbẹ̀rù tàn kálẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà ń fa ọ́tísíìmù, ìyẹn ìyàtọ̀ nínú ìdàgbàsókè ọpọlọ tó ń kan bí ọmọ ṣe ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ tó sì ń bá wọn ṣe. Ẹ fi ìbéèrè wa kàn án. Ká gbà pé òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ ló ṣáájú, àmì sì tẹ̀lé e. Ṣé ó ṣì ṣeé ṣe kí abẹ́rẹ́ má mọwọ́ mẹsẹ̀? Ó ṣeé ṣe gidigidi, nítorí pé ọjọ́ orí tí ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ náà, láti bí ọmọ ọdún kan lọ, wà nítòsí ọjọ́ orí tí àwọn òbí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí àmì ọ́tísíìmù, yálà ọmọ gba abẹ́rẹ́ tàbí kò gbà á. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ bá gba ohun kan ní àsìkò kan náà, ohunkóhun tó bá fẹ́ hàn ní àsìkò yẹn kò ní ṣàìhàn lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí a béèrè ni ti àwọn tí kò gbà á: kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn? Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2002 wo ọmọ 537,303 ní orílẹ̀-èdè Denmark, àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà àti àwọn tí kò gbà á, ọ́tísíìmù kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó gbà á ju àwọn tó kù lọ. The Lancet yọ àpilẹ̀kọ Wakefield kúrò ní ọdún 2010. Owó tún wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2004, akọ̀ròyìn kan tú u síta pé Wakefield ti gba owó lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó ń múra ẹjọ́ sílẹ̀ fún àwọn òbí, lòdì sí àwọn tó ń ṣe abẹ́rẹ́ náà. Ìyẹn nìkan kò fi hàn pé irọ́ ló kọ. Ohun tó ṣe ni pé ó mú kí àwọn ènìyàn lọ wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ náà, wọ́n sì bá a pé ohun tó wà níbẹ̀ kò bá ti inú àpilẹ̀kọ mu. Iṣẹ́ tí ìbéèrè “ta ló ń sanwó” ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá lò ó bó ṣe yẹ.

Fífi ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò sọ sí i lẹ́nu rọrùn láti dá mọ̀ ju àwọn yìí lọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n má gba fóònù láyè nínú kíláàsì, ẹnìkejì dáhùn pé, “Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ dàgbà láìmọ kọ̀ǹpútà ni?” Ó ti bì ènìyàn ṣubú, àmọ́ kò sí ẹni tó dúró síbi tó bì. Ẹ máa fetí sílẹ̀ nígbàkígbà tí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn pẹ̀lú “ohun tí ẹ ń sọ ni pé,” pàápàá jù lọ bí ó bá jẹ́ ẹnu tiyín ló ti jáde. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹnìkejì sọ títí yóò fi ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn,” kí ẹ tó fèsì. Èyí tó bá tilẹ̀ sá kúrò nídìí ọ̀rọ̀ pátápátá, tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá, kò nílò orúkọ ńlá: ẹ dá a padà sórí ọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù.

Ní ti gbígbára lé ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tó lè gbé ayé láìṣe bẹ́ẹ̀. A kò lè tún gbogbo ìwádìí ayé ṣe fúnra wa. Ó di àṣìṣe nígbà tí ẹni náà bá ti jáde kúrò lórí ilẹ̀ tó mọ̀, tàbí tí àwọn tó mọ ilẹ̀ náà bí òun kò bá gbà pẹ̀lú rẹ̀. Linus Pauling gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní ọdún 1954, ó tún gba ti àlàáfíà tọdún 1962, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní sísọ pé fítámì C tó pọ̀ gan-an máa ń dènà ọ̀fìnkìn. Ìdánwò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà kò rí i pé ó ń dènà rẹ̀ lára àwọn ènìyàn lápapọ̀. Ẹ̀bùn méjèèjì kò lè sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe inú èdè tí Aristotle sọ ṣì ń bẹ láàyè, inú èdè ara ẹni ló sì ṣòro jù láti rí. Ẹ gbọ́ èyí: gbogbo òfin ló ní ẹni tó ṣe é, ayé yìí ní òfin tó ń tẹ̀ lé, nítorí náà ẹnìkan ló ṣe òfin ayé. Bóyá ìparí yẹn jẹ́ òótọ́ tàbí kò jẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ mi níbí. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé òfin àkọ́kọ́ jẹ́ àṣẹ tí ènìyàn lè rú kó sì jìyà, òfin kejì sì jẹ́ bí nǹkan ṣe máa ń rí, irú èyí tí òkúta kò lè rú nígbà tó bá ń jábọ́. Ọ̀rọ̀ kan, ohun méjì. Bí ẹ bá fi àpèjúwe kíkún rọ́pò ọ̀rọ̀ náà ní ibi méjèèjì, okùn tó so wọ́n á já lójú yín. Ọgbọ́n kan náà ló ń tú ìrònú tó ń yí bírí padà sí ìdí ara rẹ̀, bí ìgbà tí a ní ìwé kan kò lè purọ́ nítorí pé ìwé náà ló sọ bẹ́ẹ̀.

“Bí a bá gba èyí, ìyẹn á tẹ̀lé e, títí ayé á fi bàjẹ́” kì í ṣe àṣìṣe ní gbogbo ìgbà, torí pé nǹkan a máa fa nǹkan. Ẹ ka àwọn àtẹ̀gùn inú rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 4, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ànfààní 7 nínú 10 láti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ànfààní pé a ó dé ìsàlẹ̀ jẹ́ 24 nínú 100 péré, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń sọ ọ́ ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó dájú. Ti “ọ̀nà méjì péré ló wà” kúrú: ẹ wá ìkẹta. Ti “kò sí ẹni tó tíì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀” náà kò gùn, ẹ béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti wá a dáadáa, nítorí pé àìrí lẹ́yìn ìwákiri tó jinlẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí, àìrí nítorí àìwá kò jẹ́ nǹkan kan.

Ó ku ọ̀kan, òun sì ni mo rò pé ó mú ẹ̀yin gan-an. Bí ìdí ẹnìkan bá wọ́, ìyẹn kò fi hàn pé ibi tó parí sí kì í ṣe òótọ́. Ẹni tó ní òjò rọ̀ nítorí pé ilẹ̀ tutù ronú lódì, síbẹ̀ òjò lè ti rọ̀ ní tòótọ́. Nígbà tí ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín pé àṣìṣe ìrònú ni ọ̀rọ̀ wọn, ẹ̀yin kò tíì gbèjà ìwádìí náà rárá, ẹ kàn ti ilẹ̀kùn kan ni. Ìwádìí náà lè jẹ́ ayédèrú síbẹ̀síbẹ̀, nítorí ìdí mìíràn tí kò sí ẹni tó mẹ́nu bà nínú yín.

Nítorí náà, ẹ padà lọ bá wọn, ẹ má sì dárúkọ àṣìṣe kankan. Ẹ gbà fún wọn pé owó náà tó ohun tí ènìyàn ń fura sí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ká ní ẹlòmíràn tí kò gba owó kankan lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà tún ìwádìí yìí ṣe, tó sì rí ohun kan náà, ṣé ẹ máa gbà á?” Bí wọ́n bá ní àwọn máa gbà á, ẹ jọ lọ wá irú ìwádìí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ní àwọn kò ní gbà á, a jẹ́ pé kì í ṣe owó ló ń dà wọ́n láàmú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tó jẹ́ lọ́wọ́ wọn.